Àlọ́ Màmá tí A Kò Tètè Já

Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ etíkun kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ pẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Àgbádárìgì. Bí o bá gbàgbé rẹ̀ sára aṣọ fún ọjọ́ díẹ̀, yóò dípẹtà, yóò sì fi àmì pupa kan sílẹ̀ tí ọṣẹ kankan kò ní lè fọ̀ kúrò. Ohun àkọ́kọ́ tí Màmá ẹgbẹ́ aránṣọ wa kọ́ mi nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ó gba abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi, ó fi ha irun orí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí òróró orí lè bá a, ó sì dá a padà fún mi. Kò tíì béèrè orúkọ mi nígbà náà.

Ọdún tí àbíkẹ́yìn mi wọ ilé-ìwé gíga ní Abẹ́òkúta ni mo darapọ̀ mọ́ wọn. Ilé ti dákẹ́ jù. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀jọ́, ilẹ̀ máa ń ṣú kó tó dé. Èmi náà, bí mo bá ti kúrò ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kò sí ẹni tí mò ń yára lọ dáná fún mọ́. Obìnrin kan tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ fún mi pé àwọn kan máa ń péjọ lọ́sàn-án Sátidé láti fi ìrépé aṣọ rán aṣọ ìbora.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àkísà lẹ̀ ń bora?"

Ó ní, "Wá wò ó ná."

Mo lọ wò ó, mi ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Àwọn èékù aṣọ tí àwọn télọ̀ máa ń gbá dà nù ni ohun èlò wa. A ó gé wọn ní igun mẹ́rin, tàbí igun mẹ́ta, tàbí tẹ́ẹ́rẹ́ bí imọ̀ àgbọn. A ó tò wọ́n sórí tábìlì, a ó máa pààrọ̀ wọn kiri títí àwọ̀ wọn yóò fi bára mu, lẹ́yìn náà ni a ó rán wọn pọ̀. A ó wá tẹ́ òwú pẹlẹbẹ sáàárín òun àti aṣọ inú, a ó sì fi abẹ́rẹ́ gún gbogbo rẹ̀ já kí wọ́n má baà yà kúrò lára wọn. Aṣọ ìrépé ni àwa ń pè é. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ẹni tí ara ń kán kò lè ṣe é.

Àwa obìnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ náà kò pọ̀. Màmá ni olórí wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò dìbò yàn án. Ọmọ Gun ni, àwọn tí Yorùbá ń pè ní Ègùn, Àgbádárìgì ni wọ́n ti bí i, ó sì fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti lọ́kọ sí Àjàṣẹ́, lódì kejì ibodè. Bí ó bá ń sọ Yorùbá, Gun máa ń yọ sí i. "Nọvi ṣie" ló ń pe gbogbo wa, ìyẹn ni pé ọmọ ìyá òun, bí a tilẹ̀ tó ọmọ tí ó lè bí. Ẹnì kejì tí mo sún mọ́ jù níbẹ̀ ni Àlàájà kan tó ń wá láti Imeke. Aṣọ ló ń tà, àǹkárá tó ń kó láti Kútọnu. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bí ó bá sì ti wọlé, ẹ̀rín ti wọlé nìyẹn. Òun nìkan ni mùsùlùmí láàárín wa nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ó ní bí a bá ti ń gé aṣọ, òun kò bìkítà ilé ẹni tí a ti ń gé e.

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, Màmá máa ń gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀ fún wa. Kálukú yóò lọ ṣe tirẹ̀ nílé, kò ní fi han ẹnikẹ́ni, títí di Sátidé tí a ó ta okùn sínú gbọ̀ngàn, tí a ó sì fi gbogbo rẹ̀ kọ́. Àwa kan fẹ́ máa pè é ní ìdíje. Màmá kò gbà.

Ó ní, "Ìdíje ní ẹni tó ń borí. Èyí kò ní. Àlọ́ ni mò ń pa fún yín. Ọwọ́ yín ni kí ẹ fi já a."

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára: àlọ́ Màmá.

Àlọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá wọn já ni pé kí a fi ìrépé rán omi, ṣùgbọ́n kí a má lo aṣọ búlúù kankan. Gbogbo wa kọ́kọ́ bú sí ariwo. Omi tí kò ní búlúù? Mo jókòó sí etí ọ̀sà ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo ń wo ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn kọjá sí apá òkun, mo sì rí i pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì rí omi ọ̀sà wa kó jẹ́ búlúù rí. Àwọ̀ eérú ni, àwọ̀ ewé gbígbẹ ni, nígbà mìíràn àwọ̀ epo díẹ̀. Àlàájà fi léèsì fàdákà rán tirẹ̀, ó ń dán bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde. Èmi lo àdìrẹ oníléwé. Màmá lo kákí, kákí yúnífọ́ọ̀mù tó ti ṣá sí oríṣiríṣi àwọ̀, ó sì tò ó tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bíi pé ẹ̀fúùfù ń fẹ́ lórí rẹ̀.

Ní ọdún kejì, ó ní kí kálukú rán ilé tí wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n kí a má rán ilẹ̀kùn, kí a má rán fèrèsé, kí a má rán òrùlé. Kankon ni wọ́n bí mi sí. Mo rán okùn tí ìyá mi máa ń sá aṣọ sí, àti òjìji igi àgbọn tó máa ń rìn kọjá àgbàlá láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo fi í kọ́ sórí okùn, ẹ̀gbọ́n kan láti Kankon tó jẹ́ àlejò wa lọ́jọ́ náà wò ó, ó ní, "Ilé yín nìyí." Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ mi lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, Màmá ló fà á jáde.

Nígbà tó ku díẹ̀ kó pa àlọ́ kẹta, àwọn nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí a ti kíyè sí.

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọ̀ lọ́wọ́ wa. Yóò na ìrépé kan sókè sí ojú fèrèsé, yóò ní, "Ìwọ, àwọ̀ wo lo rí níbí?" A rò pé ó ń kọ́ wa ni. Bí ó bá kàn mí, mi ò ní dáhùn ní ọ̀rọ̀ kan. N óò ní, "Màmá, ó pupa, ṣùgbọ́n kì í ṣe pupa bí ata. Ó jọ epo tó ti dì, àwọ̀ ewé díẹ̀ sì wà létí rẹ̀." Yóò mi orí, yóò ní, "Ó dára," yóò sì fi ìrépé náà sí àyè kan lórí tábìlì. Inú mi a máa dùn bí ọmọ tó gba máàkì.

Ó tún máa ń ní kí n bá òun fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ ni, yóò wá gún gbogbo wọn mọ́ ìrọ̀rí kékeré kan, yóò gbé e lọ sílé. Ìyá àgbà wo ni kì í bẹ ọmọdé kó bá òun fi òwú bọ abẹ́rẹ́? Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tábìlì rẹ̀ náà ti sún mọ́ fèrèsé títí ó fi kan ògiri. A ní ooru ló ń mú un.

Ọjọ́ tí ó pa àlọ́ kẹta, ó dúró, ó di ẹ̀yìn àga mú.

Ó ní, "Lọ́dún yìí, ẹ di ojú yín. Ẹ fi gèlè dì í dáadáa. Láti ìgbà tí ẹ bá ti mú aṣọ àkọ́kọ́ títí tí ẹ ó fi ta kókó òwú ìkẹyìn, ẹ má ṣí i. Ṣùgbọ́n kí ó tẹ́jú o. Kí igun rẹ̀ ṣe déédé, kí àwọ̀ rẹ̀ bára mu."

Gbọ̀ngàn dàrú. Àlàájà ní, "Màmá, bí a bá gé ìka wa dànù, ta ni yóò bá wa wá a?"

Màmá bá wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi wá ọ̀nà. Ọ̀nà ni mo fẹ́ rí, kì í ṣe aṣọ."

Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó tún sọ ọ́ ní Gun fún àwọn tó gbọ́ Gun dáadáa. Gbogbo wa ló gbọ́ ọ, a ò sì gbọ́ ọ.

Mo gbìyànjú rẹ̀ nílé lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan. Mo kó ìrépé jọ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi gèlè di ojú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wá wọn. Ó dùn mọ́ mi fún ìgbà díẹ̀. Mo rí i pé àrán ní ọ̀nà tí irun rẹ̀ ń dojú kọ, bí ara ológbò. Àdìrẹ tí wọ́n fi sítáàṣì sí máa ń dún bí ewé gbígbẹ. Àǹkárá tuntun ní òórùn ìda, léèsì kò sì ṣeé ṣì mú. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ńkọ́? Àwọ̀ kò ní ìwúwo, kò ní òórùn. Pupa àti àwọ̀ ewé, ọ̀kan náà ni wọ́n lábẹ́ ìka. Ọkọ mi wọ yàrá, ó bá mi níbi tí mo ti ń rá kiri lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní, "Kí ló dé? Ṣé ẹ̀ ń ṣe bojúbojú ni?"

Mo ní, "Iṣẹ́ Màmá ni."

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó sì rẹ́rìn-ín lọ. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà yẹn ni mo ti pinnu nínú ọkàn mi pé ẹ̀rín ni ìdáhùn àlọ́ náà. Mo rán an lọ wúruwùru, igun kan gùn bí ìrù, igun kejì ká bí ẹni tí òtútù mú, mo sì ń ronú bí gbogbo wọn yóò ṣe rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá rí i.

Ẹ̀rín náà sì pọ̀ lóòótọ́. Ní Sátidé tí a fi wọ́n kọ́ sórí okùn, ìwọ yóò rò pé ìjì ló jà nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ti Àlàájà ló borí gbogbo rẹ̀: ó fi maṣíìnì rán apá bùbá tó wà lọ́rùn ara rẹ̀ mọ́ aṣọ ìrépé náà, ó sì ní láti bọ́ bùbá sílẹ̀ kó tó lè dìde. Ó gbé méjèèjì wá bẹ́ẹ̀, ó sì fi wọ́n kọ́ papọ̀. A rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀.

Màmá ń rìn lẹ́bàá okùn, ó ń fi ọwọ́ kan ìkọ̀ọ̀kan. Kò wò wọ́n. Ó ń fi ìka tọ ojú ìrán, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó bi ẹni àkọ́kọ́ pé, "Báwo lo ṣe mọ ibi tí etí aṣọ wà?"

Ìyẹn ní, "Màmá, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo kàn ń rán lọ ni."

Ó dé ọ̀dọ̀ mi. "Ìwọ, báwo lo ṣe mọ èyí tó pupa yàtọ̀ sí èyí tí kò pupa?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Màmá. Ohun tí ọwọ́ mi bá bà ni mo mú."

Ó dé ọ̀dọ̀ Àlàájà. Ó tún béèrè. Àlàájà na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín. Ojú ni iṣẹ́ yìí. Ẹni tí kò bá ríran, kó lọ máa ta gúgúrú."

A tún bú sẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín, mo rí i. Lẹ́yìn náà ó lọ jókòó, ó gbé àpò rẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ó di ẹnu àpò náà mú. Tirẹ̀ wà nínú àpò náà. Kò gbé e jáde, nínú gbogbo wa kò sì sí ẹni tó sọ pé, "Màmá, tiyín ńkọ́?" A ti ń pín súwíìtì àti mínírà.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò wá déédéé mọ́. Ó ránṣẹ́ pé orúnkún ń dun òun. A gbà bẹ́ẹ̀, torí àgbàlagbà ni. A máa ń yà kí i ní ìta ilé wọn lẹ́bàá ọ̀sà, yóò wà lórí àga, yóò dá wa mọ̀ kí a tó sún mọ́ ọn. "Ohùn yín ń ṣáájú yín," ni yóò wí. A ó fún un ní ọsàn, a ó sọ ọ̀rọ̀ ìlú díẹ̀, a ó máa lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Sátidé ni ọ̀nà kún fún omi tí ẹgbẹ́ kò sì jókòó.

Nígbà tí òjò fẹ́ dáwọ́ dúró, a ń dúró de àlọ́ tuntun. Sátidé kan, ọmọbìnrin Màmá ló wọlé, èyí tó wà ní Àjàṣẹ́. Mi ò tíì rí i rí, ṣùgbọ́n ojú Màmá ni ojú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó gbé àpótí kan sílẹ̀: sísọ́ọ̀sì Màmá, téèpù rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá mi ní kí n kó wọn fún yín. Mo fẹ́ máa mú Màmá lọ sọ́dọ̀ mi lọ́la."

Mo ní, "Ṣé orúnkún náà le tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Ó wò mí. "Orúnkún wo? Ojú ni, ẹ̀gbọ́n. Dókítà ní Kútọnu ti sọ pé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́. Méjèèjì ti lọ." Ó wo ojú wa yíká. "Ẹ̀yin kò mọ̀ ni? Màmá ní ẹ mọ̀. Wọ́n ní àwọn ti béèrè lọ́wọ́ yín, pé ẹ ní kò ṣeé ṣe."

Àlàájà fi ọwọ́ bo ẹnu.

Àwa méjèèjì tẹ̀lé ọmọ náà lọ sílé lọ́jọ́ yẹn gan-an. Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn àpò tí wọ́n ti dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí a tó sọ̀rọ̀ ló ti ní, "Nọvi ṣie, ẹ̀yin méjì lẹ wá."

Àlàájà kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ gúgúrú yẹn. Ká ní mo mọ̀ ni—"

Màmá ní, "Dìde. Òtítọ́ tó wà lọ́kàn rẹ lo sọ. Òtítọ́ náà ni mo wá gbọ́."

Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

Ó ní, "Bí mo bá sọ fún yín, ẹ ó máa bá mi rán an. Ẹ ó jókòó tì mí, ẹ ó di ọwọ́ mi mú bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ìrìn. Bí wọ́n ṣe ṣe fún ìyá mi nìyẹn. Ojú ló kọ́kọ́ lọ lára òun náà, lẹ́yìn ìyẹn wọn kò jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkankan mọ́. Mo fẹ́ kí ọ̀nà ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó mọ ẹni tó fẹ́ rìn ín."

Ó tọ́ka sí àpò kan. "Mú un jáde."

Aṣọ ìrépé tí kò fi hàn wá ni. Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran díẹ̀, ó ti ta kókó kéékèèké sí igun àwọn ìrépé náà: kókó kan fún pupa, kókó méjì fún àwọ̀ èso ọ̀pẹ̀ òyìnbó, èyí tí kò ní kókó jẹ́ funfun. Láti ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa, igun sí igun. Nígbà tó dé àárín, ojú ìrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í yà bí ọ̀nà tí ewúrẹ́ là nínú igbó. Ó tú u, ó tún un rán. A rí ihò abẹ́rẹ́ níbi tí ó ti tú u léraléra. Lẹ́yìn ìyẹn kò sí nǹkankan mọ́, aṣọ lásán ni.

Màmá fi ìka wá ibẹ̀. Ó ní, "Ibi tí mo dé nìyí. Àwọ̀, mo rí ọgbọ́n sí i. Ọ̀nà títọ́ ni mi ò rí. Mo rò pé nínú ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹnì kan á rí i."

Ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ gbé e lọ.

Kò sí ẹni tó pa àlọ́ fún wa lọ́dún yẹn. Àlàájà ló dìde ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ní, "Èyí tó wà nílẹ̀, a kò tíì já a." A tún un bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó gbà wá ní oṣù púpọ̀. Ọwọ́ wa gbọgbẹ́. Àlàájà a máa di ojú nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí oníbàárà kò bá sí, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ ni. Níkẹyìn, ọ̀dọ̀ àwọn apẹja ni ọgbọ́n náà ti wá. Mo ń wo ọkùnrin kan tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe ní etí ọ̀sà, tó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Okùn ló ń darí ìka rẹ̀. A ra okùn àwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́. Bí o bá fi péègì ìsáṣọ di okùn náà mú ní igun méjèèjì aṣọ, tí ó le dáadáa, ìka á máa tọ̀ ọ́ lọ, abẹ́rẹ́ á sì máa tẹ̀ lé ìka. A fi páálí tó nípọn gé ìwọ̀n. A lo kókó Màmá fún àwọ̀. A rán odindi aṣọ ìbora kan pẹ̀lú ojú dídì, nígbà tí a tú gèlè tí a sì wò ó, ó tẹ́jú.

A gbé e lọ sí Àjàṣẹ́, èmi àti Àlàájà, a mú okùn, a mú péègì, a mú ìrépé tí a ti ta kókó sí. Inú wa ń dùn lójú ọ̀nà, a ń sọ bí yóò ṣe rí nígbà tí ó bá gbọ́.

Màmá ti rù. Ó jókòó sábẹ́ igi kan ní àgbàlá ọmọ rẹ̀, rédíò kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A tẹ́ aṣọ náà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tọ gbogbo ojú ìrán rẹ̀, kò yára. Níbì kan, ó dúró. "Ta ló fo abẹ́rẹ́ níbí?"

Àlàájà ní, "Èmi ni, Màmá."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ṣàlàyé okùn fún un, mo fi ìka rẹ̀ lé e. Ó lọ, ó bọ̀ lórí okùn náà. "Okùn apẹja," ló sọ. "Ó dára. Ẹ ti já a."

Mo fi abẹ́rẹ́ sí i lọ́wọ́. Ó dì í mú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kì í ṣe púpọ̀, ṣùgbọ́n ó tó kí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ má lè dúró síbì kan. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó na abẹ́rẹ́ náà sí mi.

Ó ní, "Ọwọ́ ti sùn, nọvi ṣie. Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, mi ò fi ṣe nǹkankan. Ká ní ó jẹ́ ìgbà yẹn…" Kò parí rẹ̀. Ó ní kí ọmọ òun bu àkàsà, irú ẹ̀kọ kan, fún wa.

A jẹ àkàsà àti ẹja. Àlàájà bẹ̀ ẹ́ pé kó pa àlọ́ kan fún wa, kí a lè gbé e lọ sílé. Ó ní ó rẹ òun. Nígbà tí a fẹ́ lọ, ó gbé aṣọ ìbora náà fún wa, ó ní ooru pọ̀ níbí, kí a wá ẹni tí yóò wúlò fún. A gbé e padà.

Ní ibodè Sẹ̀mẹ̀, ọ̀gá kan tí ń yẹ ẹrù wò ní kí a tú àpò. Ó bi Àlàájà ohun tó wà nínú rẹ̀. Àlàájà tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì kàn ń tú àpò náà ni. Èmi ni mo sọ pé aṣọ ìbora ni, pé ẹni tí a gbé e lọ fún ló ní kí a máa gbé e bọ̀. Ọ̀gá náà fọwọ́ kàn án, ó ní ó dára, ó ní kí a kọjá.

Màmá kú kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé e wá sin sí Àgbádárìgì, gbogbo ẹgbẹ́ ló lọ.

Obìnrin kan wà ní Imeke tí ojú rẹ̀ fọ́ láti kékeré. Àlàájà ló wá a rí. Ó gbé aṣọ ìbora náà fún un, ó sì kọ́ ọ ní okùn àti kókó títí ó fi mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà ti ń rán aṣọ ìrọ̀rí báyìí, ó máa ń wá sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sátidé, kẹ̀kẹ́ ló ń gbé e wá. Ojú ìrán rẹ̀ tọ́ ju tèmi lọ. Inú mi dùn fún un, mo sì máa ń jókòó tì í. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló béèrè lọ́wọ́ wa.